Ilé Àgbẹ̀ Tí Wọ́n Tú Bí Ẹni Tú Ibùsùn

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ kí a tó kúrò ní Peckham. Àbúrò ìyàwó mi ló wa mọ́tò. Èmi ni mo ra epo, òun ló ń yan orin, mo sì fara da ìrẹ́jẹ yìí títí a fi kọjá Guildford.

Káfíńtà ni mí. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ṣe é ní London, níbi tí iṣẹ́ wa ti di pákó àlẹ̀mọ́, gúlúù àti ìbọn ìṣó. Bàbá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì dé inú Bayleaf, ilé àgbẹ̀ àtijọ́ onígi kan tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Singleton, ní Sussex, kò tíì rí igi. Ó sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára. Mo tọrọ ìsinmi ọjọ́ méjì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpin ọ̀sẹ̀.

A yà kúrò lórí títì A3 ní Milford, a bọ́ sórí títì A286, a gba Midhurst kọjá. Lẹ́yìn Midhurst ọ̀nà wọ inú igbó, ó ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, títí Singleton fi yọ lábẹ́ òkè. Oṣù Ọ̀wàrà ni, ilẹ̀ sì ti ń tètè ṣú. Nínú yàrá tí a gbà sùn, ẹ̀rọ amúlégbóná ti kú. Onílé ní òun máa wá wò ó lọ́la. A wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Weald and Downland kò jọ èyí tí ènìyàn máa ń fọkàn rò, níbi tí wọ́n ti kó ẹrù sínú gíláàsì. Ilé gan-an ni ẹrù tibí. Wọ́n lé ní 50, orí ilẹ̀ éékà 40 ni wọ́n sì wà, lẹ́sẹ̀ òkè. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n kó wọn wá, wọ́n tún wọn tò. Roy Armstrong ló ṣíwájú àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1967.

Mo kọjá lára gbogbo wọn láìwo ọ̀tún láìwo òsì. Bayleaf ni mo bá wá.

Òrùlé ni mo kọ́kọ́ rí. Òrùlé kan ṣoṣo ló bo ilé náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àmọ́ ara ilé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tò lọ gbọọrọ. Apá ọ̀tún àti apá òsì jẹ́ alájà kan, òkè wọn sì yọ síwájú ju ìsàlẹ̀ lọ, bí ẹni tó yọrí lójú fèrèsé. Àárín kò ní àjà rárá, ògiri rẹ̀ lọ láti ilẹ̀ dé òrùlé, ó sì sá sẹ́yìn díẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ rèé: bí ògiri àárín bá sá sẹ́yìn, kí ni yóò gbé etí òrùlé tó wà níwájú rẹ̀? Ìtì igi kan ni wọ́n gbà kọjá lójú òfuurufú láti apá kan dé èkejì, igi méjì tó tẹ̀ bí ọrun sì gbé e lábẹ́, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dúró síwájú igi méjì yẹn fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fi iná tẹ̀ ẹ́. Igi tó ti hù ní títẹ̀ nínú igbó ni wọ́n wá rí. Káfíńtà wọn wọ igbó pẹ̀lú ilé lórí rẹ̀, ó ń wo ẹ̀ka tó bá ohun tó fẹ́ mu.

Ní Kent àti Sussex ni irú ilé báyìí pọ̀ sí jù, ní ilẹ̀ onígbó tí wọ́n ń pè ní Weald, ibẹ̀ sì ni igi óákù ti ń hù ní àhùùhùtán. Àwọn onímọ̀ ti ka òrùka inú igi Bayleaf: gbọ̀ngàn àárín àti apá tí wọ́n ń kó oúnjẹ àti ọtí sí jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 15, wọ́n sì tún apá kejì, níbi tí onílé ń sùn, kọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Àgbẹ̀ ló gbé inú rẹ̀. Kì í ṣe ìjòyè, kì í ṣe àlùfáà. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní 1348 àti 1349 ti gbé ènìyàn lọ débi pé ilẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tí yóò ro ó lọ, àgbẹ̀ tó yè tó sì gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lówó lọ́wọ́. Owó yẹn ló di igi.

Ẹnu ọ̀nà mú wa wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó la ilé já sẹ́yìn. Lọ́wọ́ kan, ilẹ̀kùn kékeré méjì: yàrá kan fún búrẹ́dì àti oúnjẹ gbígbẹ, èkejì fún ọtí. Lọ́wọ́ kejì ni gbọ̀ngàn. Mo wọ ibẹ̀, mo sì dúró gbagidi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún, ẹ dínà."

N kò lè sún. Kò sí àjà. Ojú mi ń lọ sókè, ó ń lọ, títí ó fi bá ìtì igi ńlá kan tó dábùú gbọ̀ngàn. Lórí ìtì yẹn ni òpó kan tún dúró sí, ó na apá mẹ́rin síta bí igi tó wà láàyè, ó gbé òrùlé lé apá rẹ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ lásán tí wọ́n gún mọ́lẹ̀. Láàárín ilẹ̀ yẹn ni iná ń jó. Kò sí lẹ́bàá ògiri, kò sí ní kọ̀rọ̀. Àárín gbùngbùn gbọ̀ngàn ni, kò sì sí ṣímínì kankan tí èéfín lè gbà jáde.

Èéfín ni onílé níbẹ̀. Bí o bá ti gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé náà yé ọ. Èéfín ló fà á tí gbọ̀ngàn fi ga tó bẹ́ẹ̀: ó ní láti ríbi gbà lọ sókè, kó tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ òrùlé bí ẹní, kó máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín àwo amọ̀ tí wọ́n fi bolé àti lójú ihò onígun mẹ́ta tó wà ní ìpẹ̀kun òrùlé méjèèjì. Èéfín ló fà á tí kò fi lè sí àjà láàárín. Bí kò sì ti sí àjà láàárín, yàrá òkè apá ọ̀tún àti yàrá òkè apá òsì kò lè kí ara wọn. Àtẹ̀gùn méjì ló wà. Ẹni tó bá wà lókè apá kan tó fẹ́ lọ sókè apá kejì ní láti sọ̀ kalẹ̀, kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lójú gbogbo ará ilé, kó tó tún gòkè. Àbúrò ní ọ̀dọ́mọkùnrin kankan kò lè yọ́ jáde nílé yẹn lóru. Mo ní òun ló mọ̀.

Fèrèsé náà kò ní gíláàsì. Igi óákù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n nà lóòró sójú rẹ̀, pákó wà nínú tí wọ́n lè fi tì í. Ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá yí padà, àwọn náà á yí padà.

Ojú mi ti ń ta. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wọ aṣọ ayé ìgbà náà, rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó sórí àpótí kékeré kan, àfi bí ẹni pé wọ́n ká nǹkan kúrò lójú mi. Èéfín wà lókè orí, ìsàlẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìyá àgbà mi nílé ìdáná ẹ̀yìnkùlé. Bí iná bá ti ń jó, wọn kì í dìde dúró, wọ́n á máa fi ìjókòó sún kiri láti ibi ìkòkò dé ibi ọlọ. Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n.

Nígbà tí ojú mi rí ara rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ìṣó níbi tí igi ti pàdé igi. Wọ́n gbẹ́ orí igi kan bí ahọ́n, wọ́n gbẹ́ ihò sára èkejì, wọ́n ti ahọ́n bọ ihò, wọ́n wá fi èèkàn óákù gba inú méjèèjì kọjá. Ẹ̀tàn iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù rèé: ihò tó wà lára ahọ́n àti èyí tó wà lára òpó kò bára dọ́gba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ti ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀. Bí o bá gbá èèkàn wọlé, ó ní láti tẹ̀ kó tó kọjá, bó sì ti ń tẹ̀ ló ń fa ahọ́n wọ inú òpó. Igi tútù ni wọ́n sì fi ṣe é, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, torí óákù tó ti gbẹ a máa le ju kí àáké àti ayùn rí ti ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ilé ló ń gbẹ mọ́ ara rẹ̀. Ó ń fún bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èmi tí mo ti ń fi gúlúù yangàn láti ọdún yìí wá!

Mo wá rí àmì. Lára òpó kan, nítòsí oríkèé, wọ́n fi irin há ìlà: II. Lára igi tó bá a pàdé, II. Nọ́ńbà àwọn ará Róòmù ni. Lókè, IIII, ìyẹn mẹ́rin, torí àwọn káfíńtà ìgbà náà kì í sábà ṣe wàhálà IV. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ti máa ń gé gbogbo egungun ilé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n á dán oríkèé kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á kọ àmì sí i, wọ́n á tún un tú, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ síbi tí ilé yóò dúró sí, wọ́n á wá nà án ró. Ó túmọ̀ sí pé kí ilé yìí tó dúró rárá ni wọ́n ti tú u lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe adágún omi ní Bough Beech ní Kent, tí ilé-iṣẹ́ omi East Surrey fi ilé náà ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ, àwọn tó lọ tú u ní 1968 sí 1969 kò ṣe ju ohun tí àwọn tó kọ́ ọ ti ṣe lọ. Mo pe àbúrò, mo fi hàn án. Ó ní, "Bíi bẹ́ẹ̀dì tí ẹ bá mi tò nígbà tí mo kó dé." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ kù ìdè méjì títí di òní.

Ara ògiri ni kò ṣe é kó. Láàárín egungun igi, wọ́n fi pàṣán igi hun ún bí ẹni hun ọgbà, wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Ìyẹn kò ṣe àjèjì sí mi. Kí amọ̀ má baà sán ni koríko wà fún.

Ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ni onílé máa ń jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, tábìlì wà níwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù wà, òkè ìyẹ̀wù sì ni yàrá tó dára jù nílé, tó ní ibùsùn ńlá aláṣọ títa àti ilé ìgbẹ́ kékeré tí wọ́n so mọ́ ara ògiri lókè, tí ohun tó bá jáde níbẹ̀ ń jábọ́ sílẹ̀ lóde. Wọ́n kó àga, ibùsùn àti àwo sínú ilé náà bí yóò ti rí ní nǹkan bí 1540. Àfarawé ni gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà ọ́ láyè láti jókòó lé wọn. Àbúrò dùbúlẹ̀. Mo ní kó dìde.

Ibi tí èmi àti òun ti jà rèé. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, àwọn tó gbé Bayleaf mọ ṣímínì sínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ àjà sí gbọ̀ngàn, bí gbogbo ará Kent ti ń ṣe. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tún un tò, wọn kò dá ìyẹn padà. Ilé àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́. Àbúrò ní wọ́n ṣe é re, pé bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò rí gbọ̀ngàn yìí? Èmi ní ìyá kan wà nínú ilé yẹn rí tó fi ọdún púpọ̀ wú ikọ́ nínú èéfín, tó bẹ ọkọ rẹ̀ títí ó fi mọ ṣímínì fún un, ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ jó nínú ṣímínì yẹn, ìyá náà jó ijó ayọ̀. Wọ́n wá wọ́ ayọ̀ rẹ̀ dànù. Àbúrò wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ìyá yẹn o." Òótọ́ ni. Mi ò tíì yí ọkàn padà.

Àbámẹ́ta

Òjò láti òwúrọ̀. Onílé kò wá wo ẹ̀rọ amúlégbóná.

A lọ sí Pendean, ilé mìíràn nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, nítorí ìjà àná. Wọ́n kọ́ ọ nítòsí Midhurst ní 1609, ilé àgbẹ̀ ni òun náà, egungun igi ni. Àmọ́ ṣímínì bíríkì dúró sí àárín rẹ̀ bí ọ̀pá ẹ̀yìn, ààrò sì kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ṣímínì kan ṣe: èéfín ti ní ọ̀nà tirẹ̀, kò tún bèèrè gbọ̀ngàn gíga mọ́, nítorí náà àjà bo gbogbo ìsàlẹ̀, yàrá òkè sì lọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ilé di kékeré lójú, ó di púpọ̀ nínú. Ó gbóná. Àbúrò fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ tó dínà.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni ìdí tí wọ́n fi kó ilé kọ̀ọ̀kan wá. Adágún omi ló lé Bayleaf, ó sì lé Winkhurst pẹ̀lú, ilé ìdáná kan láti àgbègbè kan náà. Wíwa iyanrìn ló lé Pendean. Ilé láti North Cray, tí igi rẹ̀ pupa fòò, fífẹ títì ló lé e ní 1968. Nílé, bí títì bá fẹ́ fẹ̀, ọ̀dà pupa ni a ó rí lára ògiri, lẹ́yìn rẹ̀ katapílà. N kò sọ pé kí a máa tú ilé bíríkì bulọ́ọ̀kù. Kò ṣe é tú. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígi àti amọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ ni mo ní lọ́kàn, àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, àwọn òpó rẹ̀.

Nílé ọlọ Lurgashall, omi ń yí kẹ̀kẹ́, ọlọ ń lọ àlìkámà lójú wa. Mo ra ìyẹ̀fun àpò kan. Àbúrò fẹ́ rí abà tí wọ́n ti ń ya The Repair Shop fún BBC, ó yàwòrán ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bí ìgbà mẹ́jọ. A parí ọjọ́ sínú Gridshell, ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n parí ní 2002. Pákó óákù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ́ bí àwọ̀n sórí àgbékà, tí wọ́n wá ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ̀ bí ẹ̀yìn alábahun onígẹ̀gẹ̀ mẹ́ta. Ilé ìgbàlódé ni, ṣùgbọ́n ó gbára lé ohun kan náà: óákù tútù a máa gbọ́ràn.

Kí a tó lọ, mo padà sí Bayleaf nínú òjò. Kò sí àlejò míì. Iná ń jó. Mo jókòó sórí àpótí mi, mo kàn ń gbọ́ bí òjò ti ń lu òrùlé láìsí àjà láàárín èmi àti òun.

Ọjọ́ Àìkú

A kò gba ọ̀nà tààrà lọ sílé. A gba ìlà oòrùn, a wọ Kent. Penshurst Place ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí àgbẹ̀ Bayleaf ti wo iṣẹ́. John de Pulteney, oníṣòwò tó jẹ Mayor London lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ló kọ́ gbọ̀ngàn ibẹ̀, ó sì parí ní 1341. Òkúta ni ògiri rẹ̀, igi chestnut ni òrùlé rẹ̀, ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60. Síbẹ̀, wo inú rẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la ilé já, ilẹ̀kùn ibi oúnjẹ àti ibi ọtí lọ́wọ́ kan, ibi ìjókòó olówó ní ìpẹ̀kun kejì, ààrò onígun mẹ́jọ láàárín ilẹ̀. Bayleaf ni, tí wọ́n fẹ̀ lójú. Tàbí kí n sọ pé àgbẹ̀ rí ilé olówó, ó ní kí wọ́n gé tirẹ̀ ní ìwọ̀n ara òun. Mo gbóríyìn fún Pulteney. Bayleaf ni mo máa gbé bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan.

Ọ̀nà kúkúrú ló kù dé Bough Beech, ní tòsí Chiddingstone. Àbúrò wa mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà, a sọ̀ kalẹ̀. Omi gbalẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin méjì kan ń fi awò wo ẹyẹ, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò wá. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi. Mo wòye pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọn ì bá ṣí fèrèsé Bayleaf sí lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú mi."

A dé Peckham ní alẹ́. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn, ó gba àpò ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ dì mọ́ mi, ló bá fà sẹ́yìn, ó gbọ́ òórùn jákẹ́ẹ̀tì mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá Tinú, ẹ ní ilé àtijọ́ lẹ fẹ́ lọ wò. Ta ló ní kí ẹ lọ yan ẹja?"